Bí A Ṣe Ń Pààrọ̀ Ọ́tánétọ̀ Lucas Lára Triumph Bonneville Àtijọ́

Bí iná iwájú alùpùpù Bonneville yín bá ń rẹ̀ sílẹ̀ nígbàkígbà tí ẹ bá dúró sójú títì, tí bátìrì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ń kú kó tó pẹ́, tí ẹ́ńjìnì sì ń wúkọ́ tí ẹ bá tan iná, ọ̀dọ̀ ọ́tánétọ̀, ẹ̀rọ tó ń pèsè iná fún alùpùpù, ni ọkàn gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ lọ. Nígbà míì, òun ló jẹ̀bi lóòótọ́. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, wáyà kan tó ti gbó ló ń kó o sí yọ́ọ́yọ́ọ́. Ẹni tó ní Bonneville T120 oní-650 cc ni mo ń bá sọ̀rọ̀ níbí, èyí tí wọ́n ṣe ní Meriden, lẹ́bàá Coventry, láti 1966 tí wọ́n ti bọ́ sórí bátìrì fóòtì 12, títí dé ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ẹni tó ní BSA tàbí Norton ìgbà náà á rí ohun púpọ̀ mú lò, torí ọwọ́ Lucas ti Birmingham ni gbogbo wọn ti ń ra ẹ̀rọ iná wọn.

Ẹ̀rọ náà kò lójú pọ̀. Rótọ̀ jẹ́ irin roboto tí òòfà wà nínú rẹ̀. Orí kíráńkí ní apá òsì ló jókòó sí, bí ẹ́ńjìnì bá ti ń yí ni òun náà ń yí. Sítétọ̀ ni òrùka tó yí i ká, tí wọ́n we wáyà bàbà mọ́ ẹsẹ̀ mẹ́fà tó wà nínú rẹ̀. Sítétọ̀ kì í yí ní tirẹ̀. Àwọn méjèèjì kò gbọdọ̀ kan ara wọn, àlàfo tín-ín-rín ló wà láàárín wọn. Kò sí bọ́rọ́ọ̀ṣì, kò sí bẹ́ríìnì tirẹ̀, inú ilé ṣéènì kan náà pẹ̀lú kílọ́ọ̀ṣì ló wà, ọ́ìlì gbígbóná sì ń ta sí i lára lójoojúmọ́. Iná AC ló ń jáde níbẹ̀. Rẹ́kítífáyà ló ń sọ ọ́ di DC kí bátìrì tó lè gbà á, Zener sì ń da èyí tó bá pọ̀ jù sára irin alùpùpù kí bátìrì má baà máa hó.

Pípààrọ̀ rẹ̀ gan-an kò ju iṣẹ́ ọ̀sán kan lọ fún ẹni tó mọ spánà dì mú. Ohun tó ń sọ ọ́ di wàhálà ni kí ènìyàn má wọ̀n ọ́n kó tó tú u, tàbí kó má wọn àlàfo nígbà tó ń dè é padà. Ibi méjèèjì yẹn ni mo máa pẹ́ sí jù.

Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó dá a lẹ́bi

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ bátìrì. Ẹ fi ẹ̀rọ gba iná sí i títí yóò fi kún, ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, kí ẹ wá fi mítà wò ó. Bátìrì tó yè máa ń wà ní fóòtì 12.6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó bá ti já wá sí 12.2 láìjẹ́ pé ẹ lò ó, àárẹ̀ ti mú un, kò sì sí ọ́tánétọ̀ tó lè wò ó sàn. Lẹ́yìn náà, ẹ tan ẹ́ńjìnì láìtan iná, ẹ gbé e dé nǹkan bí ìyípo 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tún wo bátìrì. Bí mítà bá kọjá 13.5 tó sì dúró láàárín 14 sí 15, ọ́tánétọ̀ ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, ẹ wá ẹ̀bi lọ síbòmíràn. Bí ó bá kọjá 15 tó ṣì ń lọ sókè, Zener ni kò ṣe ojúṣe rẹ̀. Bí kò bá kúrò lójú kan, tàbí tó ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ jẹ́ ká tẹ̀ síwájú.

Wáyà méjì ló ń jáde lára sítétọ̀ tí Lucas ń pè ní RM21. Ọ̀kan funfun tó ní ìlà àwọ̀ ewé, èkejì jẹ́ àwọ̀ ewé tó ní ìlà ìyeyè. Ẹ tọ̀ wọ́n dé ibi tí wọ́n ti bọ́ sínú àwọn ẹnu ìsopọ̀ kéékèèké onírọ́bà dúdú, kí ẹ fà wọ́n yọ. Ẹ gbé mítà sí ọ́ọ̀mù. Ẹ fi ẹnu rẹ̀ kan kan wáyà, kí ẹ fi ìkejì kan irin ẹ́ńjìnì. Kò gbọdọ̀ ka ohunkóhun. Bí ó bá ka nǹkan, ó túmọ̀ sí pé wáyà bàbà ti kan irin níbì kan nínú sítétọ̀ tàbí lójú ọ̀nà rẹ̀, ẹjọ́ sì ti parí níbẹ̀. Bí ẹ bá wọ̀n ọ́n láti wáyà kan sí èkejì, ohun tí ẹ máa rí kò tó ọ́ọ̀mù kan. Ẹ má ṣe gbọ́kàn lé ìyẹn, torí wáyà mítà olówó pọ́ọ́kú fúnra rẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ìdánwò tó ń sọ òótọ́ ni ti ẹrù, ìyẹn ni kí a fún sítétọ̀ ní iṣẹ́ ṣe nígbà tí a ń wọ̀n ọ́n. Ẹ wá rẹsísítọ̀ ọ́ọ̀mù 1 tó lè gba wáàtì 100. Ẹ so ó láàárín wáyà sítétọ̀ méjèèjì, kí ẹ gbé mítà sí fóòtì AC, kí ẹ fi ẹnu rẹ̀ méjèèjì sí etí rẹsísítọ̀ náà. Bátìrì á máa bá ẹ́ńjìnì lọ fún ìgbà díẹ̀ yẹn, bó bá ṣáà ti kún. Ní ìyípo 3,000, RM21 tó yè kò gbọdọ̀ ka ohun tó kéré sí fóòtì 9. Ẹ ṣe é kíá, torí iná tó ń gba inú rẹsísítọ̀ yẹn kọjá lé ní wáàtì 80, ó sì lè jó ènìyàn lọ́wọ́ gidigidi. Ẹ gbé e lé orí bíríkì tàbí irin, kì í ṣe orí àga tàbí aṣọ.

Bí ó bá ka 9 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, sítétọ̀ àti rótọ̀ kò lẹ́bi. Ẹ yíjú sí rẹ́kítífáyà, fíùsì, swíìṣì ńlá àti ibi tí wáyà bátìrì ti kan irin. Bí kò bá ka nǹkan kan, wáyà ti já. Bí ó bá ka 5 tàbí 6, àwọn wáyà inú rẹ̀ ti ń kan ara wọn, tàbí òòfà rótọ̀ ti rẹ̀, tàbí àlàfo ti fẹ̀ jù. Nígbà tí ẹ́ńjìnì ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ ní kí ẹnìkan mi wáyà sítétọ̀ díẹ̀ ní ibi tó ti ń jáde látinú ilé ṣéènì. Bí mítà bá ń fò sókè sódò, ẹ ti rí i. Ọ́ìlì gbígbóná máa ń sọ rọ́bà wáyà àtijọ́ di gígan bí igi gbígbẹ, ibi tó ti tẹ̀ gan-an ló sì máa ń là sí.

Kí ẹ tó fọkàn balẹ̀, ẹ yẹ rẹ́kítífáyà náà wò. Ẹ já bátìrì, kí ẹ fi mítà tó ní àmì diode wo ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà kan gbọdọ̀ ṣí, èkejì gbọdọ̀ dí. Èyí tó bá ṣí sí ọ̀nà méjèèjì tàbí tó dí sí méjèèjì ti kú. Ohun kan tí mo bẹ̀ yín: bí ẹ bá máa tú rẹ́kítífáyà olójú ọ̀pọ̀ yẹn kúrò lára alùpùpù, ẹ di bóòtù rẹ̀ mú pẹ̀lú spánà kan kí ẹ tó fi òmíràn tú nọ́ọ̀tì tó so ó mọ́ irin. Bí àwọn àwo rẹ̀ bá yí lórí ara wọn, ó bàjẹ́ nìyẹn. Ibi tó ti kan irin náà gbọdọ̀ mọ́ kedere, torí ibẹ̀ ni iná ti ń padà.

Ohun tí ẹ máa rà

Rọ́pò tó bá tirẹ̀ mu ni sítétọ̀ Lucas 47205 pẹ̀lú rótọ̀ 54202299. Nǹkan bíi wáàtì 120 ló ń mú jáde. Ìyẹn tó fún ẹni tó ń gùn ní ojúmọmọ, àmọ́ iná iwájú nìkan lè gba wáàtì 45 sí 50, kọ́ìlì méjèèjì tó ń fún pùlọ́ọ̀gì níná á tún bu tiwọn, nígbà tí ẹ́ńjìnì bá sì ń rọra ṣiṣẹ́ lójú títì, ohun tí ọ́tánétọ̀ ń mú wá kò tó nǹkan. Fún ẹni tó ń tan iná nígbà gbogbo nínú súnkẹrẹ fàkẹrẹ Lọ́ńdọ̀nù, oní-fésì mẹ́ta tí agbára rẹ̀ tó wáàtì 180 ni mo máa ní kó rà. Wáyà mẹ́ta ló ń jáde lára rẹ̀, ó sì ń pèsè iná tó dára nígbà tí ẹ́ńjìnì ṣì ń rọra yí. Rẹ́gúlétọ̀ tirẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń kó iná níjàánu, gbọdọ̀ jẹ́ oní-fésì mẹ́ta.

Ẹ ra sítétọ̀ tí wọ́n fi ike líle bò wáyà rẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣinṣin. Èyí tí wáyà rẹ̀ ń hàn síta, mìmì ẹ́ńjìnì ló máa já a. Nílé wa ní Nàìjíríà, àwọn tó ń tún kọ́ìlì ọ̀kadà wé pọ̀, iṣẹ́ wọn sì dára. Sítétọ̀ oníke yìí kò ṣe é tún wé bẹ́ẹ̀, torí fífọ́ ike náà máa ń fa wáyà àti irin rẹ̀ ya.

Rótọ̀ ńkọ́? Bí owó bá wà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pọ̀ mọ́ sítétọ̀. Òòfà tó ti lé ní àádọ́ta ọdún máa ń rẹ̀, sítétọ̀ tuntun kò sì lè fún un lágbára. Ẹ tún di rótọ̀ àtijọ́ mú, kí ẹ gbìyànjú láti yí irin àárín rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Bí ó bá mì, kódà díẹ̀, ẹ má tún lò ó mọ́. Irin àárín tó ti tú yẹn máa ń kan gọ̀ngọ̀n nínú ẹ́ńjìnì, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti tú ẹ́ńjìnì wọn palẹ̀ torí wọ́n rò pé bẹ́ríìnì kíráńkí ló ń dún.

Ẹ má gbàgbé gásíkẹ́ẹ̀tì ìdérí ilé ṣéènì, wọ́ṣà ìdènà tuntun fún nọ́ọ̀tì rótọ̀, rọ́bà ibi tí wáyà ti ń jáde, àti ọ́ìlì.

Títú u

Ẹ já bátìrì kúrò. Ẹ ṣọ́ra níbí, torí Triumph ìgbà yẹn, pọ́sítíìfù ló kan irin alùpùpù. Èyí tó kan irin ló yẹ kí a kọ́kọ́ já, nítorí náà pọ́sítíìfù ni ẹ máa kọ́kọ́ tú, kì í ṣe nẹ́gétíìfù bí a ti ń ṣe sí ọkọ̀ ayé ìsinsìnyí. Bí spánà bá kan férémù nígbà tí ẹ ń tú u, kò ní sí ohun tó máa ṣẹlẹ̀.

Ẹ gbé àwo sábẹ́ ilé ṣéènì, kí ẹ tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ọ́ìlì ṣàn jáde. Ẹ wo ọ́ìlì náà dáadáa kí ẹ tó dà á nù. Bí ẹ bá rí irin wẹ́wẹ́ tó ń dán, rótọ̀ ti ń ha sítétọ̀ lára nìyẹn, tàbí ṣéènì ti ń jẹ nǹkan. Ẹ yọ ibi ìtẹ́sẹ̀ apá òsì, ẹ tú ohun tó de sàlẹ́ńsà apá òsì díẹ̀ kó lè yẹ̀, kí ẹ sì rọ ẹsẹ̀ bíréèkì sílẹ̀. Lára T120, apá òsì ni bíréèkì ẹ̀yìn wà.

Ìdérí ní nọ́ọ̀tì olórí roboto méjì pẹ̀lú àwọn skúrúù yíká. Àwọn skúrúù yẹn kì í sábà jẹ́ gígùn kan náà. Ẹ gún ihò sára páálí kan ní ìrísí ìdérí náà, kí ẹ máa fi skúrúù kọ̀ọ̀kan sí ihò tirẹ̀ bí ẹ ṣe ń tú u. Bí ẹnu wọn bá le, ẹ lo sukudáráfà tí a ń fi òòlù lù lórí tó ń yí fúnra rẹ̀, ẹ má ṣe fi ipá fa orí skúrúù ya. Ẹ fi òòlù onírọ́bà gbá ìdérí náà jẹ́jẹ́ láti tú u, ẹ má fi sukudáráfà ki ẹnu rẹ̀. Ojú alumíníọ̀mù tó bá ti ha, ọ́ìlì á máa jò níbẹ̀ títí ayé.

Ẹ ti rí sítétọ̀ báyìí. Nọ́ọ̀tì mẹ́ta ló dè é mọ́ sítọ́ọ̀dù (bóòtù tí kò lórí) mẹ́ta. Kí ẹ tó tú wọn, ẹ ya fọ́tò: ibi tí wáyà kọjú sí, ibi tí wáyà gbà jáde, wọ́ṣà àti ohunkóhun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ tú u, kí ẹ fa wáyà rẹ̀ gba inú ihò rẹ̀ jáde. Bí ẹnu wáyà kò bá gba ihò, ẹ gé e, sítétọ̀ náà ti ń kúrò lọ́wọ́ yín.

Nọ́ọ̀tì rótọ̀ ló kàn. Ẹ tún etí wọ́ṣà ìdènà náà nà kó tẹ́, ẹ fi jíà sí ìkẹrin, kí ẹnìkan tẹ bíréèkì ẹ̀yìn mọ́lẹ̀, kí ẹ fi sọ́kẹ́ẹ̀tì tú u. Rótọ̀ máa ń yọ́ jáde ní ọwọ́, àfi kó ti ipata. Bí ó bá ń ṣagídí, ẹ fi irin pẹrẹsẹ méjì sẹ́yìn rẹ̀ ní ọ̀kánkán ara wọn, kí aṣọ wà lábẹ́ wọn, kí ẹ sì máa tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Ẹ má lù ú. Lílù máa ń dín agbára òòfà kù, ó sì lè ba bẹ́ríìnì kíráńkí jẹ́. Kíì kékeré kan wà lára kíráńkí tó ń di rótọ̀ mú, ẹ mú un dání kó má bọ́ sínú ẹ́ńjìnì.

Nígbà tí ibẹ̀ ṣí sílẹ̀, ẹ wo ṣéènì. Ní àárín ọ̀nà rẹ̀, kó máa lọ sókè sódò ní nǹkan bíi mílímítà 12. Ihò nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ tí ọ́ìlì gbà jáde náà ni a ti ń de ṣéènì. Ẹ tún di orí kíráńkí mú kí ẹ gbé e sókè sódò. Bí ó bá mì, bẹ́ríìnì ti jẹ, kò sì sí ọ́tánétọ̀ tuntun tó máa pẹ́ lórí rẹ̀.

Fífi rótọ̀ sí i

Ẹ nu orí kíráńkí mọ́, ẹ fi kíì sí àyè rẹ̀, kó jókòó dáadáa. Kíì tó ti jẹ létí, ẹ sọ ọ́ nù, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Rótọ̀ tuntun náà, ẹ nù ún pẹ̀lú aṣọ mímọ́ ní gbogbo ara, torí ìwọ̀nba irin wẹ́wẹ́ tó wà lórí tábìlì yín ti lẹ̀ mọ́ ọn. Àmì àti ìkọ̀wé gbọdọ̀ kọjú síta. Ẹ fi wọ́ṣà tuntun sí i àti ẹ̀kán gọ́ọ̀mù ìdènà nọ́ọ̀tì, kí ẹ dè é dé 30 lb-ft (nǹkan bíi 41 Nm) pẹ̀lú torque wrench (spánà tó ń wọn agbára tí a fi ń dè nǹkan), kí ẹ sì tẹ etí wọ́ṣà náà. Mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó fi ọwọ́ díwọ̀n èyí. Nọ́ọ̀tì tó bá tú níbẹ̀, kíì ló máa kọ́kọ́ jẹ, kíráńkí ló máa tẹ̀ lé e.

Lórí àwọn tó jáde ní òpin àwọn ọdún 1960 sókè, àmì kan wà lára rótọ̀ tí a fi ń wo àkókò iná pùlọ́ọ̀gì pẹ̀lú iná strobe, iná tó ń ṣẹ́jú bá ẹ́ńjìnì. Fún T120, ìwọ̀n 38 ṣáájú kí písítìnì tó dé òkè pátápátá ni. Àwọn rótọ̀ kan ní àmì méjì nítorí pé onírúurú alùpùpù ló ń lò wọ́n. Ẹ fi àwo ìwọ̀n wá òkè písítìnì gan-an, kí ẹ mọ àmì tó jẹ́ tiyín, kí ẹ fi ọ̀dà funfun sí i. Ẹni tó bá gbára lé àmì tí kì í ṣe tirẹ̀ lè dáná sun písítìnì.

Àlàfo

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù lọ. Bí a bá fẹ̀sọ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Láàárín rótọ̀ àti ẹsẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sítétọ̀, àlàfo kò gbọdọ̀ kéré sí 0.008 ínṣì, ìyẹn mílímítà 0.2. Bí ó bá kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, rótọ̀ á ha sítétọ̀ lára nígbà tí kíráńkí bá ń tẹ̀ díẹ̀ lórí eré. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá fẹ̀ jù èkejì, iná máa dínkù.

Feeler gauge (ewé tín-ín-rín tí a fi ń wọn àlàfo) onírin kò dára tó fún iṣẹ́ yìí, torí òòfà á gbá a mọ́ra, ẹ ò sì ní mọ̀ bóyá ó há ni tàbí òòfà ló fà á. Ẹ wá ti bàbà tàbí ti ike. Bí kò bá sí, ẹ gé ara ìgò ike omi, kí ẹ fi máíkírómítà wọ̀n ọ́n kí ẹ wá èyí tó wà láàárín mílímítà 0.2 sí 0.25. Ẹ gé e ní gígùn tó lè yí rótọ̀ ká láìborí ara wọn, kí fífẹ̀ rẹ̀ sì ju ti rótọ̀ lọ kí ẹ lè rí ibi fà á yọ.

Ẹ we ike náà mọ́ rótọ̀. Ẹ nu ojú ibi tí sítétọ̀ ń jókòó sí lórí sítọ́ọ̀dù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta títí kò fi ní sí ìdọ̀tí tàbí gọ́ọ̀mù àtijọ́ kankan, torí ẹ̀kán kan péré tó láti dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ ti sítétọ̀ wọlé sórí ike, kí ibi tí wáyà ti ń jáde kọjú síta. Bí wáyà bá kọjú sínú, ṣéènì ló máa jẹ ẹ́. Ẹ fi nọ́ọ̀tì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí i, ẹ máa dè wọ́n díẹ̀díẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, títí wọn yóò fi dé 20 lb-ft (nǹkan bíi 27 Nm). Ẹ fa ike náà yọ. Ó yẹ kó jáde pẹ̀lú ọwọ́, kó máà há.

Ẹ wá wọ̀n ọ́n. Ẹ ti ike tàbí bàbà sábẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kí ẹ sì yí ẹ́ńjìnì díẹ̀ kí ẹ tún wọ̀n wọ́n. Ẹ yọ pùlọ́ọ̀gì kúrò kó lè rọrùn láti yí. Bí ibi tó há kò bá kúrò lójú kan bí ẹ ṣe ń yí ẹ́ńjìnì, sítétọ̀ ló fì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ibi tó há bá ń bá rótọ̀ yí káàkiri, rótọ̀ ló wọ́, tàbí orí kíráńkí ló tẹ̀. Ẹ̀yà ọ̀ràn méjèèjì yìí kò jọra, ìwòsàn wọn kò sì jọra.

Fún sítétọ̀ tó fì, ẹ tú nọ́ọ̀tì, ẹ fi fáìlì roboto la ihò rẹ̀ díẹ̀ sí ibi tó yẹ kó sún sí, ẹ fọ irin wẹ́wẹ́ kúrò, kí ẹ tún dè é pẹ̀lú ike. Bí sítọ́ọ̀dù bá tẹ̀, ẹ yọ ọ́ kí ẹ fi tuntun sí i. Mo ti rí i tí àwọn kan ń fi òòlù gbá sítétọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí yóò fi jọ pé ó wà láàárín. Ike tó di wáyà mú máa ń là nínú bẹ́ẹ̀, èèyàn kò sì ní rí i títí tí bátìrì á tún fi bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Rótọ̀ tó wọ́, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Wáyà

Ẹ gba wáyà sítétọ̀ jáde nínú ihò rẹ̀ pẹ̀lú rọ́bà tuntun, kó má fì, kó má sún mọ́ ṣéènì, kó má sì tẹ̀ ní igun mímú. Ẹ fa ṣéènì sókè pẹ̀lú ọwọ́ kí ẹ wo bóyá ó lè kàn án. Lẹ́yìn tó bá ti jáde, ẹ dè é mọ́ férémù, kó jìnnà sí sàlẹ́ńsà.

Bí ẹ bá ń lo rẹ́kítífáyà àti Zener àtijọ́, wáyà méjèèjì á padà sí ibi tí wọ́n wà. Bí alùpùpù yín bá ti ń lo sítétọ̀ oníwáyà mẹ́ta ayé àtijọ́ tẹ́lẹ̀, ẹ so wáyà inú alùpùpù tó jẹ́ àwọ̀ ewé oníla dúdú pọ̀ mọ́ àwọ̀ ewé oníla ìyeyè, kí wọ́n di ọ̀kan, kí funfun oníla ewé dá dúró gẹ́gẹ́ bí èkejì.

Èmi máa ń gba ènìyàn nímọ̀ràn pé kó yọ Zener kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kó fi rẹ́gúlétọ̀ ayé òde òní tó ti ní rẹ́kítífáyà nínú rọ́pò méjèèjì. Lára rẹ́gúlétọ̀ tí wọ́n ń pè ní Podtronics, èyí tó jẹ́ oní-fésì kan, wáyà ìyeyè méjì lọ sọ́dọ̀ sítétọ̀, èyíkéyìí sí èyíkéyìí. Pupa lọ sí pọ́sítíìfù, dúdú lọ sí nẹ́gétíìfù. Nítorí pé pọ́sítíìfù ló kan irin lára Triumph yìí, pupa ló máa lọ bá férémù àti orí pọ́sítíìfù bátìrì, dúdú á sì gba inú fíùsì lọ sí nẹ́gétíìfù. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ alùpùpù Japan máa ń fẹ́ so dúdú mọ́ irin. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, rẹ́gúlétọ̀ á jóná lójú ẹsẹ̀. Fíùsì áńpì 15 tó. Ẹ fi táápù dí ẹnu wáyà Zener, kí ẹ fi òun fúnra rẹ̀ sílẹ̀ níbi tó wà, torí ó bá ojú alùpùpù náà mu.

Pípa á dé àti dídán an wò

Ẹ fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i, ẹ de àwọn skúrúù ní ìdàkejì ara wọn, kí nọ́ọ̀tì olórí roboto méjèèjì dé 10 lb-ft. Ẹ dá nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ padà kí ẹ tó bu ọ́ìlì. Fún àwọn tó jáde ṣáájú 1970, mílílítà 350 ti SAE 20 ni. Láti 1970, ilé ṣéènì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ́ìlì látinú ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀, mílílítà 150 sì tó láti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, irú èyí tí ẹ́ńjìnì ń lò. Ẹ dá bíréèkì padà sí bó ṣe wà, kí ẹ dán an wò kí ẹ tó gùn ún.

Ẹ fi ẹsẹ̀ yí ẹ́ńjìnì láìtan swíìṣì, kí ẹ tẹ́tí. Ohun tó bá ń ha, ẹ máa gbọ́ ọ báyìí. Bí kò bá sí ariwo, ẹ so bátìrì, nẹ́gétíìfù kọ́kọ́, kí ẹ tan án. Ní ìyípo 3,000 pẹ̀lú iná iwájú títàn, bátìrì gbọdọ̀ máa kọjá fóòtì 13. Bí ẹ bá pa iná, kó dúró sí àyíká 14 sí 14.5 pẹ̀lú rẹ́gúlétọ̀ tuntun. Ẹ fọwọ́ kan ẹnu ìsopọ̀ wáyà kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Èyí tó bá gbóná kò dúró dáadáa, ẹ tún un ṣe.

Ẹ gùn ún fún nǹkan bíi wákàtí kan, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ tún yẹ àwọn skúrúù ìdérí wò. Lẹ́yìn bíi 200 máìlì, ẹ ṣí nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, ẹ gba ọ́ìlì náà sínú àwo funfun, kí ẹ ti òòfà kékeré kan bọ inú rẹ̀. Bí ó bá jáde láìgbé nǹkan kan, ẹ bu ọ́ìlì tuntun sí i. Bí irin wẹ́wẹ́ bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ tú ìdérí lọ́jọ́ náà, kí ẹ tún àlàfo wọ̀n ní ẹsẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.